Àpótí Òsì Tó Ń Dákẹ́ Nílé Wa

“Ẹ má kán nǹkankan sí ọmọ yín létí kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó yẹ etí ọ̀hún wò. Ì báà jẹ́ òróró, ì báà jẹ́ omi ewé, ì báà jẹ́ oògùn tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri.”

Nọ́ọ̀sì kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí ẹni pé ó ti rí ìgò kékeré tó wà nínú báàgì mi. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ fún àwọn ìyá yòókù ládùúgbò. Aránṣọ ni mí, àwọn ìyá kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Mo ti sọ ọ́ fún mẹ́fà. Ẹni keje ló bi mí pé, “Kí ló gbé ìwọ gan-an dé ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo wọn ọwọ́ aṣọ rẹ̀, mo wọn ìbàdí, mo wọn gígùn, àlàyé ò tíì dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó di ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní apá Ìjàgun níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá. Iṣẹ́ ìrìn-àjò ni, nítorí náà èmi àti Ẹniọlá ọmọ wa la máa ń wà nílé lọ́pọ̀ ìgbà. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé títí mo fi parí girama. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ Ẹniọlá ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fojú fò ó.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè di àjèjì nínú èdè tí ìyá rẹ̀ bí i sí. Mo rò pé Yorùbá ni Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé. Àwọn obìnrin méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n gbé sílùú òyìnbó. Mo bu gààrí díẹ̀ tọ́ wò, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ẹni tó ń tà á, kójú má baà tì í, pé, “Ìyá, gààrí yín yìí ti kan o.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ó ti kan? Kíkan yẹn gan-an la gbé wá sọ́jà! Níbo lo ti wá?”

Mo ní Kétu.

“Kétu ti Èkó?”

Mo ní rárá, ti Bẹ̀nẹ̀. Ló bá pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ẹ wá wo ìyá Kútọnu tó ní gààrí wa ti bàjẹ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo dé Kútọnu láyé mi, ṣùgbọ́n orúkọ náà tẹ̀ lé mi délé.

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà tí a ń gbé. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi pè mí lórí fóònù. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Etí òsì wọn ti dí láti nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àbúrò wọn obìnrin, nítorí náà bí wọ́n bá ń tẹlifóònù, ṣe ni wọ́n máa ń pariwo, èmi náà a sì máa pariwo kí wọ́n lè gbọ́. Aládùúgbò mi kan yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, “Ìyá Kútọnu, ṣé ìjà ni, ká wá là yín?” Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti rẹ ohùn ilé mi sílẹ̀. Bí bàbá mi bá pè, mo máa ń gbé fóònù lọ sẹ́yìn kànga. Mo máa ń rọra ti ìlẹ̀kùn. Bí Ẹniọlá bá fẹ́ kọrin, mo máa ń sọ fún un pé kó kọ ọ́ sínú.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá mi fi anpilifáyà wọn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àpótí sípíkà rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Iwájú rẹ̀ funfun bíi fàdákà, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wúwo débi pé èèyàn méjì ló gbé e wọlé. Mo so fóònù mi mọ́ ọn kí n lè máa gbọ́ rédíò ìlú wa ní Kétu, ìròyìn àti orin, ní ọ̀sán Sátidé àti Sunday. Ẹniọlá a jókòó lórí ẹní láàárín àpótí méjèèjì, a máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, èmi a sì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní wákàtí yẹn, mi ò sí ní Ìjàgun.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹniọlá nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

“Màmá, àpótí òsì ti dákẹ́.”

Mo dìde, mo yí bọ́tìnnì ohùn sókè díẹ̀, mo tẹ́tí. Àpótí méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Mo yí i padà sílẹ̀. “Kò dákẹ́.”

“Ó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ ọ́. Mo dìde, mo yí i sókè, àpótí méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Ní Sunday, bákan náà. Nígbà kẹrin, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi lórí bọ́tìnnì. Òsì ló ń dárúkọ ṣáá. Òsì ni ti bàbá mi. Òsì ni ti àbúrò wọn.

Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, mo fa ìlà sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ bóyá iná ìjọba la ń lò tàbí jẹnẹrétọ̀, mo kọ ibi tí bọ́tìnnì wà. Ìlà kan wà lára bọ́tìnnì náà bí ọwọ́ aago. Nílé wa, agogo mẹ́jọ ló máa ń wà, níbi tí ohùn ti kéré. Mo rò pé dókítà ni mo ń kọ ọ́ fún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo kọ pé, “Ó ní òun ò gbọ́ tòsì.”

Kí n tó gbà pé etí ni, mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń tún rédíò ṣe létí títì. Ẹni tó ń lọ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà wà níwájú. Ó so ẹ̀rọ mọ́ àpótí ńlá méjì tirẹ̀, ó sì yí i títí páànù orí ṣọ́ọ̀bù fi ń gbọ̀n.

“Ìyá Ẹniọlá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké! Òsì ń ké, ọ̀tún ń ké! Ẹ̀rọ yín yìí lera ju èmi gan-an lọ.”

“Ọmọ mi ní òsì máa ń dákẹ́.”

“Ó ti tó wákàtí méjì tí mo ti tàn án, kò dákẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan.” Ó ń pa á kí ohùn wa lè ròkè ariwo. “Àfi kí ẹ mú ọmọ yín lọ yẹ etí rẹ̀ wò.”

Ó fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ò gbọ́ ọ bí ẹ̀fẹ̀.

Mo pe bàbá mi lẹ́yìn kànga. Mi ò dárúkọ Ẹniọlá. Mo kàn bi wọ́n bóyá àpótí òsì máa ń dákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ wọn.

“Kí ló dákẹ́?”

“Àpótí òsì, Bàbá!”

“Ẹ̀rọ mi kò dákẹ́ rí! Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ! Ta ló ń pa irọ́ mọ́ ẹ̀rọ mi?”

Ọjọ́ yẹn ni mo rò pé ó ti parí. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi, òun náà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára òun nìyẹn. Bí èèyàn bá wà nílùú rẹ̀, á lọ bá ìyá rẹ̀, á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnìkan á sì sọ pé jẹ́ ká jọ wò ó. Níbí, ogiri mẹ́rin ni mo bá sọ ọ́. Oníbàárà mi kan rí mi tí mò ń sunkún lórí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tó fà á, ó ní ohun kékeré ni, ó sì mú ìgò òróró kan wá fún mi lọ́jọ́ kejì: kí n gbé e kaná, kí n kán ẹ̀kán mẹ́ta sí etí náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé e kaná. Mo gbé orí Ẹniọlá lé itan mi, etí òsì sókè. Òróró ti wà nínú owú.

“Màmá,” ó sọ ọ́ láì mi orí rẹ̀, “àpótí ló dákẹ́ o. Etí mi kò dákẹ́. Mò ń gbọ́ yín ńbẹ̀.”

Ọwọ́ mi dúró. Mo rọra sọ̀rọ̀ sí etí náà, mo ní, “Kí ni mo sọ?” Ó ní, “Ẹ ní kí ni mo sọ.” Mo dé ìgò náà, mo jù ú sínú báàgì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe nínú iṣẹ́ tiwa. Bí oníbàárà bá wọ aṣọ, tí èjìká kan bá wọ́ sílẹ̀, aránṣọ tí kò mọṣẹ́ á mú àlùmọ́gàjí lójú ẹsẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màá ní kó bọ́ ọ, kó dojú inú rẹ̀ sí ìta, kó tún un wọ̀. Èjìká òsì aṣọ á bọ́ sí ọ̀tún. Bí wíwọ́ náà bá tẹ̀ lé aṣọ lọ sí ọ̀tún, aṣọ ló ní àléébù. Bó bá dúró ní òsì, ara ẹni náà ló rí bẹ́ẹ̀, aṣọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é fún aṣọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti ṣe é fún ọmọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tan ẹ̀rọ náà, mo sì ní kí Ẹniọlá kọ̀yìn sí i. Báyìí, àpótí òsì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé etí òsì rẹ̀ ló ń kú, àpótí kejì ni yóò sọ pé ó dákẹ́. Mi ò ṣàlàyé èyí fún un. Mo kàn ní, “Bí èyíkéyìí bá dákẹ́, nawọ́ sí i, má sọ̀rọ̀.”

A dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Mi ò rán nǹkankan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Àpótí òsì ni, àpótí kan náà tí ó ti ń dárúkọ láti ọjọ́ yìí.

Mo fẹ́ sáré lọ yí bọ́tìnnì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n mo ronú pé gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kàn án ni mi kì í rí nǹkankan. Nítorí náà, mo fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi etí mi lé aṣọ iwájú àpótí náà. Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó dákẹ́ bí òkúta. Inú àpótí kejì nìkan ni gbogbo orin náà ti ń jáde. Mo wá na ọwọ́, mo yí bọ́tìnnì díẹ̀, ó sì já sí mi létí gbàà, tó fi jẹ́ pé mo ṣubú sẹ́yìn. Ẹniọlá bú sẹ́rìn-ín. Mo gbá a mọ́ra títí ó fi ní òun ò lè mí.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù kúrò, mo wá fẹ́ mọ̀ ọ́n dandan. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo sì pààrọ̀ wáyà àwọn àpótí lẹ́yìn rẹ̀: ti òsì sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Lọ́jọ́ kejì, àpótí ọ̀tún ló dákẹ́. Nítorí náà, àpótí ò jẹ̀bi. Mo dá wọn padà. Mo wá pààrọ̀ ẹnu wáyà méjèèjì tó ń ti ọ̀dọ̀ fóònù bọ̀. Àpótí òsì ló tún dákẹ́. Nítorí náà, fóònù àti wáyà rẹ̀ ò jẹ̀bi, inú ẹ̀rọ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú irú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́, mo sì lọ́mọ láti tọ́.

Nígbà tí mo wo ìwé mi, mo rí ohun tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọjọ́ yàtọ̀, aago yàtọ̀, nígbà míì iná ìjọba, nígbà míì jẹnẹrétọ̀. Bọ́tìnnì nìkan ni kò yàtọ̀: agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́jọ.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ó kà á, ó yí i, ó tún un kà. “Ìyá Ẹniọlá, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá kéré.”

“Nínú ariwo alátalílọ̀ yìí? Etí wo ni kí n fi gbọ́ ọ?”

Mo ní ìdí tí mo fi wá nìyẹn, kó bá mi kálọ sílé. Ó dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Mọ́mì Onílé, ìyá àgbà tó ni ọgbà wa, wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti wòran. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, Bọ̀dá Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Bó ṣe ń dìde ni Ẹniọlá ní, “Ó ti dákẹ́.”

Ọwọ́ Bọ̀dá Káyọ̀dé lọ sí bọ́tìnnì kíá. Mo di ọwọ́ náà mú. “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ fetí sí i.”

Ó tẹ etí mọ́ àpótí. “Háà.” Ó wo Ẹniọlá. “Ọmọ yìí, etí ajá lo ní.”

Ó ṣí ìdérí, ó ní ká sún sẹ́yìn, ó sì fi ìdí onígi sukurudíráfà rọra kan ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà. Àpótí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. “Ẹ wo ọ̀dàlẹ̀!” ló wí. Ó ní rílè ni wọ́n ń pè é. Bí ìlẹ̀kùn méjì ló ṣe rí, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Bí a bá tan ẹ̀rọ, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́, kí iná òjijì má baà ba sípíkà jẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́, ojú irin tó ń kan ara wọn nínú rẹ̀ ti dúdú. Bí ohùn bá pọ̀, ó lágbára láti gba inú dúdú náà kọjá. Bí ohùn bá kéré, kò lè kọjá. Bí èèyàn bá sì yí i sókè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn ńlá yẹn gan-an ló ń la ọ̀nà.

Ìyẹn ni bàbá mi kò ṣe mọ̀ rárá. Wọn kì í gbọ́ ọ ní ohùn kékeré. Bó bá tiẹ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ kan, apá òsì tí etí wọn ti dí ló máa dákẹ́ sí.

“Ohun tí mi ò mọ̀,” ni Bọ̀dá Káyọ̀dé wí, tó ń fi spíríìtì nu ojú irin náà, “ni ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ rédíò yín bí ẹni tó ń jí i gbọ́.”

Kí n tó dáhùn, Mọ́mì Onílé ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Bá mi bi í! Ọdún mẹ́jọ ló ti wà níbí, mi ò gbọ́ ìró ilé rẹ̀ rí. Nígbà míì mo máa ń rò pé wọn ò sí nílé. Ìyá Ẹniọlá, ta ló ń lé ọ?”

Mi ò rí ẹni tí mo lè dárúkọ. Mo wá a lọ́kàn mi dáadáa. Aládùúgbò tó yọ orí lójú fèrèsé lọ́jọ́ kẹta ti kó lọ sí Ayépé láti ọdún méje sẹ́yìn. Fún ọdún méje, mo ti ń dákẹ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mi ò sọ pé mo ti di ọmọ Ìjẹ̀bú. Gààrí wọn ṣì ń kan lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi pè ní ọjọ́ Sunday, àárín ọgbà ni mo dúró sí. Mo pariwo fún wọn pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe. Mọ́mì Onílé ní kí n bá òun kí wọn, mo gbé fóònù fún un, àwọn méjèèjì sì jọ pariwo.

Mo ṣì mú Ẹniọlá lọ sílé ìwòsàn. Ìdánwò mi ti fi hàn pé àpótí ń dákẹ́. Kò fi hàn pé etí pé. Wọ́n yẹ etí méjèèjì wò, wọ́n dán ìgbọ́ràn rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkankan. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti kán nǹkan sí i. Mo ní rárá. Mi ò sọ bó ṣe kù díẹ̀ tó.

Bí a ṣe ń bọ̀, Ẹniọlá ní, “Mo ṣáà ti sọ fún yín.”

Mo ti ka iye rẹ̀ nínú ìwé: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló sọ fún mi. Mo dúró létí títì, mo ní, “Ẹniọlá, jọ̀wọ́, má bínú.” Kò mọ ibi tó máa wò. Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ yín bá sọ ohun kan fún yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dìde níbi tí ẹ wà, ẹ lọ jókòó síbi tó jókòó sí, kí ẹ sì gbọ́ ọ láti ibẹ̀.